Orúkọ Ọmọ Lọ́rùn Ẹṣin Onígi

Òórùn gíríìsì àti ti gúgúrú gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu géètì ọgbà eré yẹn, kí ojú tó rí ohunkóhun. Lẹ́yìn ìyẹn ni òórùn ọ̀dà mi, nítorí kò sí oṣù kan tí mi ò ní kun nǹkan níbẹ̀. Ọgbà náà wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, téèyàn bá ti fi Ifẹ̀ sílẹ̀ tó kọrí sí Ẹdúnàbọ̀n, lábẹ́ igi ọ̀dán mẹ́ta tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó la títì. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, eruku á bo gbogbo ibẹ̀, ojú ọ̀run á funfun bí omi ògì, jangílófà, irin tí àwọn ọmọ fi ń yọ̀, àti àwọn ẹṣin onígi, gbogbo wọn á wá dà bí ohun téèyàn ń wò láàárín oorun àti ìjí. Ìwọ náà mọ irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀. Nígbà tí o bi mí lọ́jọ́sí bóyá ó tọ́ kí wọ́n gbé ìrántí òkú kọ́ sí ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré, inú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi sáré padà sí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́ kíkọ bọ́ọ̀dù nígbà náà. Átíìsì ni gbogbo èèyàn ń pè mí, èmi náà sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́. Ta ni yóò gbọ́ orúkọ tó dùn tí kò ní dáhùn? Mò ń kọ bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù, mò ń kọ ẹ̀yìn lọ́rì, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ mi dá ṣáṣá sí jù ni bọ́ọ̀dù ìrántí òkú, èyí tí àwọn ẹbí máa ń gbé síwájú ilé tí bàbá tàbí ìyá arúgbó bá papò dà. Mo mọ awọsánmà yà. Mo mọ àdàbà tó mú ewé sẹ́nu yà. Mo máa ń fi òjìji sẹ́yìn lẹ́tà "Ó dàárọ̀" débi pé lẹ́tà náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kúrò lára pákó. Àwọn èèyàn máa ń ṣàwàdà pé awọsánmà mi ń wu alààyè gbé, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú lọ́hùn-ún mo gbà wọ́n gbọ́.

Bàbá tó ni ọgbà náà jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń padà sí oko kòkó, Bàbá ní ariwo ọmọdé ni àwọn ò lè ṣe aláìgbọ́, wọ́n bá dá ọgbà eré sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń yangàn jù níbẹ̀ ni ẹṣin onígi mẹ́jọ tí wọ́n so mọ́ irin yí òpó kan ká. Àyíká ni àwọn ọmọ ń pè é. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n o rántí àwọn ọdún yẹn, nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀, wọ́n gba ọkùnrin kan tí yóò máa fi ọwọ́ tì í. Ará Ìwó ni, Sábó ló ń gbé, Bọ̀dá Àyíká ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Tó bá ti kírun Àsárì tán, á ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, á fi àyà ti irin, àwọn ẹṣin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rántí nǹkan. Kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì mọ́, nítorí náà ohùn àwọn ọmọ nìkan lèèyàn máa ń gbọ́, àti irin tó ń han. Mi ò tíì rí ohun tó dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀ látìgbà náà.

Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Òun nìkan ló máa ń wá. Á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí Àyíká, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, á sì máa wo ẹṣin pupa kan tí etí rẹ̀ kan ti ya. Kì í jẹ, kì í mu, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìwọ náà mọ̀ wá: obìnrin tó dá jókòó tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ, kí ló kù tí wọn ò ní sọ? Àwọn ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn lọ́wọ́ kúrò níwájú rẹ̀. Èmi náà, kí n má purọ́, mo ti fi gálọ́ọ̀nù ọ̀dà mi sá sí ẹ̀gbẹ́ kejì rí kí ojú èmi àti tirẹ̀ má baà ṣe mẹ́rin.

Mo wá bi Bọ̀dá Àyíká léèrè lọ́jọ́ kan.

"Ìyá aránṣọ ni, ní Ẹdúnàbọ̀n," ló wí. "Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló máa ń gun ẹṣin pupa yẹn. Èmi ni mo máa ń gbé e gùn ún. Kò ní gun òmíràn, àfi kó dúró de èyíun. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ni, Átíìsì. Ìnnálílááhì."

Ó tún ti irin náà bí ìgbà mẹ́ta kó tó sọ ìyókù. Kò sí ohun tí ò yé mi níbẹ̀, nítorí bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀fọ̀ ni ikú ọmọ. Ìyá kì í mọ ojú oórì ọmọ tó bí. Àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ náà lọ láfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n fọ ọkọ́ wọn, wọ́n padà, kò sì sí ẹni tí yóò sọ apá ibi tí wọ́n gbà fún un títí láé. Wọ́n mú ìyá lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó lọ sinmi níbẹ̀ fún ọjọ́ méje. Kó tó dé, wọ́n ti kó aṣọ ọmọ náà, wọ́n ti kó báàgì ilé-ìwé, wọ́n ti yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó pe orúkọ ọmọ náà mọ́ nínú ilé. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀, mi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ò fẹ́ kí ọgbẹ́ máa tú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó rò ó, mo rí i pé ikú gba ọmọ lọ́wọ́ obìnrin yìí lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì tún gba ìyókù.

Ní ọjọ́ Àìkú kan tí mò ń kun ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Bàbá, ìyá aránṣọ wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ orúkọ ọmọ mi sára ẹṣin pupa yẹn."

Bàbá yọ awò ojú wọn. "Ẹ dìde, ìyá. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ṣùgbọ́n ibi eré nibí, kì í ṣe ibi òkú. Ẹni tó mú ọmọ ẹ̀ wá ṣe fàájì, tó bá rí orúkọ òkú, kí ló máa rò?"

"Mi ò ní ojú oórì tí mo lè lọ, sà," ni ìyá aránṣọ wí. Kò sunkún, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. "Mi ò ní fọ́tò. Kò sẹ́ni tó ń pè é nílé wa mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí etí mi ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo ti ń bẹ̀rù pé èmi náà máa gbàgbé bó ṣe máa ń dún."

Bàbá bi í pé kí ni orúkọ ọmọ náà. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. "Àníkẹ́," ló wí, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń wò bóyá orí òrùlé á wó. Bàbá ní kó jẹ́ kí àwọn rò ó, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Bàbá ń lọ sí ìpàdé ẹbí ní Ìpetumodù lọ́jọ́ kejì, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fẹ́ lò. Mo bẹ̀ wọ́n lẹ́nu géètì pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe nǹkan díẹ̀ fún ìyá aránṣọ. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ díẹ̀ lóòótọ́, ṣe é. Má jẹ́ kó pọ̀." Bí wọ́n ṣe wọkọ̀ báyìí, mo gbàgbé "díẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é, tìfẹ́tìfẹ́. Mo kun ẹṣin pupa náà ní funfun láti orí dé pátákò. Mo ya ríbọ́ọ̀nù dúdú mọ́ ọn lọ́rùn. Mo ya awọsánmà sí ìhà rẹ̀, mo ya àdàbà sórí awọsánmà, mo sì fi lẹ́tà olójìji kọ ọ́ pé: Ó dàárọ̀, Àníkẹ́. Sùn un re. Nígbà tí mo sún sẹ́yìn wò ó, omi lé ròrò sí mi lójú, kì í sì í ṣe nítorí ọmọ náà nìkan. Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ló ń pa mí lẹ́kún. Bọ̀dá Àyíká wò ó pẹ́. "Ó dáa," ló wí. "Ó dáa, àmọ́..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà, ó gbé kẹ́tùrù rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá. Èmi tí mo gbọ́n jù, mi ò bi í pé àmọ́ kí ni.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e bọ́ sí àárín ìsinmi ilé-ìwé, èrò sì pọ̀. Àwọn ọmọ ya wọ inú ọgbà bí omi. Ọmọbìnrin kan tó mọ̀wé kà ló kọ́kọ́ dé ìdí ẹṣin funfun náà. Ó ń ka ohun tí mo kọ síta ketekete, ó dé orí "Sùn un re," ó dákẹ́, ó sì yọ ẹsẹ̀ tó ti gbé lé ẹ̀yìn ẹṣin. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ tí ìyá kan pariwo pé, "Sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀! Ẹṣin òkú nìyẹn!" Ọ̀rọ̀ náà gba ọgbà kan láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Àwọn ọmọ ń gun ẹṣin méje ní méjì méjì, wọ́n há mọ́ra wọn, ẹ̀kẹjọ sì ń yí lófìfo. Bọ̀dá Àyíká kò gbójú sókè bó ṣe ń tì í. Mo dúró tì gálọ́ọ̀nù mi, mo ń sọ fún ara mi pé ojú wọn á mọ́ ọn tó bá yá.

Àsìkò náà ni ìyá aránṣọ wọlé. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ẹṣin funfun náà kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò mọ̀ ọ́n. Ó kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ó mọ̀ ọ́n. Ó dìde, ó ní kí Bọ̀dá dá a dúró, ó sì fi ìka tọ lẹ́tà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé. Èmi ọ̀gbẹ́ni sún mọ́ ọn. Kí n sòótọ́ fún ọ, mo lọ gba ọpẹ́ ni.

"Ìwọ lo ṣe é, Átíìsì?"

"Èmi ni, mà."

"O ti lé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ." Ó wo ẹ̀yìn ẹṣin tó ṣófo náà. "Mi ò ní kí o sin ín. Wọ́n ti sin ín. Kí wọ́n máa pè é ni mo ní."

Ó kọjá lára mi, ó gba ẹnu géètì jáde. Ojú tì mí débi pé mo ju búrọ́ọ̀ṣì mi sínú gálọ́ọ̀nù. Gbogbo awọsánmà tí mo ti ń yà fún èèyàn láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò bi ẹnikẹ́ni rí pé kí ni wọ́n fẹ́ kó ṣe fún wọn. Àti pé mo yẹ kí n mọ̀: arúgbó la máa ń kí ní ó dàárọ̀, ẹni tó jẹun ọmọ, tó rí ọmọ ọmọ. Ta ló ń kọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Ẹwà iṣẹ́ ọwọ́ mi ló di mí lójú.

Bàbá dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì ti gbọ́ kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. "Átíìsì, o sọ ọgbà mi di itẹ́ òkú!" Wọ́n ní kí Bọ̀dá Àyíká mú sípánà, kó tú ẹṣin náà, kí wọ́n là á fún igi ìdáná. Bọ̀dá, tí mi ò gbọ́ kó jiyàn rí, gbé sípánà náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ má bínú sí mi, sà. Ọwọ́ mi yìí ló máa ń gbé ọmọ yẹn gùn ún. Kò ní lè tú u."

Bàbá wò ó. Wọ́n jókòó sórí ẹṣin tó sún mọ́ wọn jù, àgbà ọ̀gá ilé-ìwé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, irin sì han díẹ̀ lábẹ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì sí i.

"Kí lo tún fẹ́ kọ?"

"Orúkọ lásán, sà. Kò ní sí àdàbà. Kò ní sí ó dàárọ̀."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin náà. "Tí ọ̀kan bá ní orúkọ, gbogbo wọn ló máa ní," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò fi ọmọ kan ṣe ààyò rí ní kíláàsì mi. Kí àwọn ọmọ sọ àwọn yòókù lórúkọ fúnra wọn."

Mo ha ọ̀dà funfun náà kúrò títí pupa fi padà yọ. Mo fi ọ̀dà òféèfèé kọ Àníkẹ́ sí ọrùn ẹṣin náà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń kọ orúkọ sí iwájú lọ́rì tuntun, gìdìgbà, tẹ̀ríntẹ̀rín. Àwọn ọmọ sì sọ àwọn yòókù lórúkọ. Èyí tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ le di Ìgbín. Òmíràn di Gúgúrú, òmíràn di Sójà. Ọ̀kan wà tí mo ti ya òbìrípo yí ojú rẹ̀ ká nígbà kan rí. Wọ́n sọ ọ́ ní Tíṣà Olójú-Mẹ́rin, Bàbá gbọ́, wọ́n ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Èmi àti Bọ̀dá lọ sí Ẹdúnàbọ̀n lọ bẹ ìyá aránṣọ. Ó gbọ́ wa tán, ó ní a kú ẹsẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá tí a ò rí i. Lọ́sẹ̀ kẹta, ọyẹ́ mú gan-an, oòrùn kò ju àwo funfun kan lọ lókè, mo wò lọ́ọ̀ọ́kán, mo rí i tó ń bọ̀ nínú eruku náà, bẹ́ẹ̀ ni kò jọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kanlẹ̀. Kò tíì dé ìdí bẹ́ǹṣì tó fi gbọ́ ọ.

"Èmi ni mo fẹ́ gun Àníkẹ́!"

"Irọ́ ni, o ti gun Àníkẹ́ lẹ́ẹ̀kan!"

"Àníkẹ́ ló ń sáré jù, jàre!"

Ó dúró sójú kan. Àwọn tí kò tíì kàn ti tò síbẹ̀ tí wọ́n ń dúró, bí ẹṣin pupa náà bá sì ti ń yí bọ̀ ni gbogbo wọn á fi ohùn kan pè é. Á lọ, wọn á dákẹ́; á yọ, wọn á tún pè é. Ọmọ kékeré kan ń sunkún, ó ń na ọwọ́ méjèèjì, ó ń ní, "Àníkẹ́, dúró dè mí!" Ìyá aránṣọ fi ọwọ́ lé àyà. Mo rò pé ó fẹ́ ṣubú, mo ti ń sáré bọ̀. Ṣùgbọ́n ó rìn lọ sáàárín àwọn ọmọ náà, ó dúró síbi tí wọ́n dúró sí, nígbà tí ẹṣin náà sì tún yọ, ó bá wọn pè é. Ohùn rẹ̀ ga ju ti gbogbo wọn lọ. Ó jọ ohùn ìyá tó ń pe ọmọ wá jẹun.

"Ó ń bọ̀, ìyá," ni Bọ̀dá wí láti ẹ̀yìn irin, òógùn àti omijé ti dàpọ̀ lójú rẹ̀. "Ó ń yí bọ̀."

Ó wá bí ọjọ́ Àìkú márùn-ún tàbí mẹ́fà sí i, kò sì wá mọ́. Ọkàn wa kò balẹ̀, mo bá wá a lọ. Mo bá a níbi tó ti ń gé aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ àdúgbò, ara rẹ̀ le, ó tilẹ̀ sanra sí i. Mo bi í bóyá a tún ti ṣẹ̀ ẹ́ ni.

"Rárá o, Átíìsì," ló wí. "Mo ń pè é nílé báyìí ni. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń pariwo orúkọ ẹṣin náà dé ẹnu ọ̀nà wa, bàbá ẹ̀ gan-an ló wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nínú ilé. Ó ń jẹun lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní Àníkẹ́ ìbá ti jẹ ẹja yìí tán. Ẹnu ẹ̀ ló bọ́, ó sì ń wò mí bóyá máa sunkún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tegungun-tegungun ni."

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ rèé, bó tilẹ̀ pẹ́. Bí ó bá jẹ́ ohun tí yóò mú kí ọmọdé rìn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbé kọ́ síbẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn; mo ti ṣe irú rẹ̀ rí, mo sì mọ bí ẹṣin tó ṣófo ṣe máa ń rí lójú ìyá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn, tí wọ́n lè gùn, tí wọ́n lè jà lé lórí, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Àwọn ọmọ yẹn kò mọ ẹni tí wọ́n ń pè, wọn ò sì bèèrè. Wọ́n ṣáà ń pè é títí ẹnu fi gba bàbá rẹ̀ láti pè é nílé.